Dókítà John Randle àti Adágún Oníkan

Ẹni tí ó bá ti Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà lọ sí Èkó, tí ó sì ń wá ohun tí yóò ròyìn fún àwọn ará ilé nígbà tí ó bá padà, yóò ṣe dáadáa bí ó bá yà sí Oníkan. Oníkan wà ní Erékùṣù Èkó, kò sì jìnnà sí ọ̀sà. Níbẹ̀, ní ìtòsí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba ṣí ní 1957, ilé ńlá kan wà tí kò jọ àwọn ilé gogoro tí ó yí i ká. Ilé náà kò nà ró sókè bí àwọn yòókù. Ńṣe ni ó rọra dìde láti ilẹ̀, koríko tútù sì bo òrùlé rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń wò ó láti òkèèrè lè pè é ní òkè kékeré. Àwọ̀ ògiri rẹ̀ dàbí ti amọ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi ń mọ ilé. Ṣeun Odùwọlé, ayàwòrán ilé, ni ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ilé náà lè jẹ́ ti Yorùbá láti òde wá.

Nínú ilé náà ni a kó ohun àṣà àti ìtàn Yorùbá jọ sí. Àlejò yóò rí ère àti ìlù, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Yóò gbọ́ nípa Ifá àti àwọn òrìṣà, nípa àwọn ọba àti àwọn akọni, àti nípa àwọn oníṣẹ́-ọnà ti àtijọ́ àti ti òde òní. Bí ó bá sì jáde síta, yóò rí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Láyé ìjọba Òyìnbó, ọgbà kan wà ní àdúgbò yìí kan náà tí àwọn ará Èkó ń pè ní Love Garden, èyí tí í ṣe Ọgbà Ìfẹ́. Ọgbà náà kò sí mọ́; orí ilẹ̀ rẹ̀ ni a kọ́ ilé orin MUSON sí, èyí tí a ṣí ní 1995. Ṣùgbọ́n ewéko tún ti padà sí Oníkan, nítorí pé òrùlé ilé àṣà yìí fúnra rẹ̀ ti di ọgbà.

Orúkọ John Randle ni a fi pe ilé náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wọ ibẹ̀ mọ orúkọ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tí ó jẹ́ ẹ. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe gómìnà, kì í sì í ṣe ẹni tí ó kọ́ ilé tí ó wà níbẹ̀ lónìí. Oníṣègùn ni. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn ni ó ti wà ṣáájú ilé. John Randle ni ó sì fi owó ara rẹ̀ ṣe é fún àwọn ọmọ Èkó. Láti ọdún 1928 ni ó ti kú.

Ní ọdún 1855 ni a bí John Randle ní Regent, abúlé kan ní orílẹ̀-èdè Sàró. Baba rẹ̀, Thomas Randle, kì í ṣe ọmọ Sàró láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Abúlé kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a ti bí i. Ní ìgbà náà, ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, a ń kó àwọn ènìyàn lẹ́rú, a sì ń tà wọ́n fún àwọn olówò tí ń kó wọn gun òkun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò náà, ó sì rán àwọn ọkọ̀ ogun sí ojú òkun láti máa lé àwọn ọkọ̀ ẹrú mú. Àwọn tí a bá gbà sílẹ̀ ni a ń kó lọ sí Freetown àti àwọn abúlé tí ó wà ní àyíká rẹ̀, Regent sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí a dá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Thomas Randle. Ó ṣe iṣẹ́ aránṣọ, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ, ó ṣe òwò náà títí ó fi di ẹni tí ó ní ilẹ̀ àti ilé. Láti inú ẹrú ni ó ti di olówò pàtàkì. Ọmọ tí ó bá dàgbà lábẹ́ irú baba bẹ́ẹ̀ yóò tètè mọ̀ pé ohun iyebíye ni òmìnira, àti pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́.

Nígbà tí John dàgbà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Freetown. Ní 1874 ó yege nínú ìdánwò, ìjọba sì gbà á sí iṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ apòògùn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ìgbésí-ayé ìrọ̀rùn lè wà lẹ́nu rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ọkàn Randle kò balẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ń yẹ aláìsàn wò, ẹlòmíràn ni ó ń sọ oògùn tí yóò lò. Ti apòògùn kò ju kí ó po ohun tí a ní kí ó pò lọ. Ó ti lé ní ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n nígbà tí ó pinnu láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó sì tún padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland.

Yunifásítì Edinburgh lókìkí púpọ̀ nígbà náà fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Kì í ṣe Randle ni ọmọ Sàró àkọ́kọ́ tí yóò gba oyè níbẹ̀. Africanus Horton, tí òun náà jẹ́ ọmọ àwọn tí a gbà lọ́wọ́ òwò ẹrú, ti gba oyè dókítà níbẹ̀ ní 1859. Síbẹ̀, àwọn ọmọ dúdú tí ó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Randle tẹra mọ́ ìwé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó jẹ mọ́ oògùn, èyí tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó ti gba ẹ̀bùn wúrà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1888 ó gba oyè, ó di dókítà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ó fi dé Èkó, ìjọba sì gbà á sí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn wọn. Ní ìgbà náà àwọn dókítà ọmọ dúdú bíi mélòó kan ti wà ní Èkó. Ọ̀kan nínú wọn ni Obadiah Johnson, àbúrò Àlùfáà Samuel Johnson tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá. Inú àwọn ará ìlú dùn púpọ̀ sí wọn, nítorí pé aláìsàn lè fi èdè ìyá rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe é.

Ní 1890 Randle gbé Victoria Davies ní ìyàwó. Ìtàn ìdílé ìyàwó náà yẹ fún ìrántí. Ọmọ Yorùbá ni ìyá rẹ̀, Sarah Forbes Bonetta. Nígbà èwe rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì pa àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n sì kó o lẹ́rú. Ní 1850 ni Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, gbà á lọ́wọ́ Ọba Gezo, ó sì mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Ọbabìnrin Victoria ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kúnkúndùn. Baba ìyàwó ni J. P. L. Davies, olówò ńlá ní Èkó, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dá oko kòkó ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tí a bí ọmọ wọn obìnrin yìí, ọbabìnrin gbà láti ṣe ìyá ìsàmì rẹ̀, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ọmọ ìsàmì Ọbabìnrin Victoria ni ọmọ ẹrú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ fẹ́. Wọ́n bí ọmọ méjì, Beatrice àti Jack.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tí oyè Edinburgh àti àna ọbabìnrin kò lè rà fún Randle, èyí ni ìdọ́gba. Dókítà dúdú àti dókítà funfun ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìwé ẹ̀rí kan náà ni wọ́n ní. Ibà kan náà ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí, owó dókítà dúdú kì í tó ti dókítà funfun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé èyí kò tọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́, nítorí pé ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ ohun tí ó lè ti ẹnu rẹ̀ jáde. Randle kò dákẹ́. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé iṣẹ́ tí ó bá dọ́gba yẹ kí owó rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Wọ́n bá a wí, kò yí padà. Nígbà tí ó yá, ìjọba lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Kì í ṣe nǹkan kékeré ni kí ènìyàn pàdánù iṣẹ́ ìjọba ní àkókò náà. Ìjọba ni ó ni ilé ìwòsàn, ìjọba ni ó ní agbára, ẹni tí ìjọba bá sì lé, àwọn ènìyàn lè máa sá fún un. Randle ti ní aya, ó sì ní orúkọ láti dáàbò bò. Ó lè tọrọ àforíjì kí wọ́n gbà á padà, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Sàró. Kò ṣe èkíní, kò ṣe èkejì. Ó dúró sí Èkó, ó ṣí ibi ìwòsàn ti ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláìsàn. Àwọn ará ìlú kò sá fún un. Wọ́n wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n wá ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí orúkọ wọn lókìkí jù lọ ní Èkó, tí ó sì di olówó. Ohun tí ìjọba kò fẹ́ san fún un, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi wá a.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé ẹjọ́ tí Randle ń rò kì í ṣe ẹjọ́ ara rẹ̀ nìkan. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo iṣẹ́ dókítà ní àwọn ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí abẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì ṣe òfin pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀. Ìwé tí ọmọ dúdú kà kò já mọ́ nǹkan mọ́ níwájú òfin yìí. Àìdọ́gba tí ó wà nínú owó oṣù tẹ́lẹ̀ ti wá di ìlẹ̀kùn tí a tì pa.

Ní 1908, ọdún kan náà tí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀, ìjà mìíràn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ọ̀rọ̀ omi ni ó dá a sílẹ̀. Omi kànga ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ń mu nígbà náà. Ìjọba pinnu láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, ó sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa san owó omi. Ó dájú pé Randle, tí í ṣe dókítà, mọ̀ pé omi mímọ́ dára fún ara. Kì í ṣe omi ni àwọn ará Èkó ń bá jà. Ohun tí ó dùn wọ́n ni pé a kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n kí a tó bu owó lé wọn lórí, àti pé wọ́n gbà pé àwọn Òyìnbó ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ jù, nígbà tí tálákà yóò máa san owó. Randle àti Dókítà Orísadípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní People's Union, èyí tí í ṣe Ẹgbẹ́ Ará Ìlú, láti gba ẹnu àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ náà tún dìde láti dáàbò bo ilẹ̀ àwọn onílẹ̀, kí ìjọba má bàa sọ ọ́ di tirẹ̀. Omi ẹ̀rọ wọ Èkó láti Ìjù ní 1915, owó omi pàápàá sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ti rí i pé àwọn ará Èkó kì í ṣe ẹni tí a ń fà lọ bí àgùntàn.

Kò sí ẹni tí ó pé. Randle jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán nínú rẹ̀, kì í sì í tètè gbà fún ẹlòmíràn. Ní ọdún tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, àárín òun àti àwọn aṣáájú mìíràn kò gún, pàápàá àárín òun àti Herbert Macaulay. Àwọn méjèèjì fẹ́ ire Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀, ìjà wọn sì pín àwọn ènìyàn sí méjì. Nígbà tí a kọ́kọ́ dìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó ní 1923, ẹgbẹ́ Macaulay ni ó gba àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jẹ́ ti ìlú náà. Agbára Ẹgbẹ́ Ará Ìlú ti rọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣèlú nìkan ni Randle gbé lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ ì bá ti parẹ́ ní Èkó.

Ṣùgbọ́n omi tún wà tí ó kù fún un láti ṣe. Omi ni ó yí Èkó ká. Ọ̀sà wà ní apá kan, òkun wà ní apá kejì. Àwọn ọmọdé a máa ṣeré ní etí ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́, omi a sì máa gbé wọn lọ. Ìtàn tí Èkó ń sọ nípa Randle ni pé ọ̀rọ̀ yìí ká a lára, nítorí pé kò sí oògùn tí dókítà lè lò fún ọmọ tí omi ti gbé. Ó tọ ìjọba lọ, ó ní kí wọ́n ṣe adágún kan tí a ó ti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ìjọba kọ̀. Wọn kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí a ná irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ará Èkó.

Ẹni tí ó bá ti tẹ̀lé ìtàn yìí bọ̀ yóò mọ ohun tí Randle ṣe. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti san owó tí ó tọ́ sí i, ó lọ dá dúró. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti ṣe adágún, ó fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Kò kọ́ ọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oníkan, ní àárín ìlú, ni ó ṣe é sí, ó sì fi í fún gbogbo ènìyàn. Ọdún 1928 ni a kọ mọ́ adágún náà. Ọdún náà ni Dókítà John Randle kú, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ Èkó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọ níbẹ̀ a máa mú ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ náà a sì tún mú ọmọ tirẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, bí kò bá sí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, kì í pẹ́ bàjẹ́. Adágún Randle di ẹgẹrẹmìtì, omi rẹ̀ kò ṣeé wọ̀ mọ́, àwọn tí ń kọjá sì gbàgbé ìdí tí a fi ṣe é. Nígbà tí Akínwùnmí Àḿbọ̀dé jẹ́ gómìnà, Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ ibẹ̀ dọ̀tun. Wọ́n tún adágún ṣe, wọ́n sì kọ́ ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lásìkò Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ni iṣẹ́ náà parí, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1923 ó lé ọgọ́rùn-ún, èyí ni 2023.

Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ta Thomas Randle lẹ́rú fẹ́ kí ó gbàgbé ilé rẹ̀ àti èdè rẹ̀. Orúkọ Òyìnbó ni ó jẹ́ títí ó fi kú, òun náà ni ọmọ rẹ̀ sì jẹ́. Ṣùgbọ́n lónìí, orúkọ náà ni ó wà lórí ilé tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní ìtàn àwọn baba wọn. Ohun tí òwò ẹrú tú ká ti padà wá pé jọ sí etí omi tí ọmọ rẹ̀ gbẹ́.

Dókítà kan wà ní Èkó tí ó wo ọ̀pọ̀ aláìsàn sàn; àwọn aláìsàn náà ti kú tán. Olóṣèlú kan wà tí ó bá ìjọba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Ìjà náà ti parí. Owó tí ó kó jọ ti ná. Ohun tí ó ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn nìkan ni ó kù. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. John Randle da omi síwájú ní Oníkan, kò sì pẹ́ láyé tó láti tẹ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí ni ó ń tẹ̀ ẹ́ títí di òní.